Ọrun Ẹ̀ṣọ́ tí Bàbá Kàrímù Fi Àfọ́kù Ìgò Fá

Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ fìdáù bàbá bàbá mi. Kí n tètè sọ ọ́ kí n tó sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀, torí bí mo bá fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo lè má débẹ̀.

Ọrun rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn àlejò jókòó sí. Ọkùnrin kan tó wá láti Ìpàpó nawọ́ mú un, ó fi ìka méjì péré fa ọṣán rẹ̀, ọṣán náà sì tẹ̀ lé e wá bí okùn ewúrẹ́. Ó ní, "Ṣé ọrun tí gbogbo Òfìkì ń ròyìn nìyí? Kí ló ṣe é tó fi rọ̀ báyìí?" Mo dá a lóhùn pé, "Apá Bàbá ló ṣẹ́, sà. Wọn ò lè fà á mọ́, ni wọ́n bá fá a." Gbogbo wọn mirí. Apá Bàbá ṣẹ́ lóòótọ́. Ó fá ọrun náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá tó ṣẹ́ kọ́ ló mú un fá ọrun, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Kàrímù ni bàbá mi, òun ni gbogbo ìlú fi ń pe bàbá àgbà ní Bàbá Kàrímù. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ọdẹ ni, kì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa kùn ún ní àtíkè. Ó lù mí, ó lu bàbá mi, ó sì lu ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́jà Ìràwọ̀ títí àwọn tó ń ta ọkà bàbà fi ń palẹ̀ igbá wọn mọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan wọ inú oko rẹ̀, tó kọ ebè mọ́ ebè rẹ̀ kọjá ààlà, Bàbá dá a dùbúlẹ̀ láàárín ebè náà, ó sì gé e létí jẹ. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sílé Baálẹ̀. Wọ́n ní níbo ni etí wà. Bàbá àgbà ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ewé kan tó fi di nǹkan jáde, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Mo ti bá a tọ́jú ẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá àgbà kò fún un lóúnjẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ẹnu tí ẹ fi ń ké Allāhu Akbar náà lẹ fi jẹ etí èèyàn?"

Bàbá ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ohun tó wá ṣòro láti fi yé àjèjì ni pé ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi gbogbo ìgbà ọyẹ́ jókòó, tó ń mú kí ọrun àwọn ẹlòmíràn rọ̀.

Lábẹ́ mángòrò iwájú ilé wa, òkúta kan wà tí wọ́n fi awọ ẹfọ̀n dè yíká, tí wọ́n fi ìkọ́ irin sí lórí. Bí pápá bá ti gbẹ, tí ọdẹ àjọdẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó bá fẹ́ lọ ló ń gbé ọrun rẹ̀ wá síbẹ̀. Iná ni a fi ń ṣe ọdẹ àjọdẹ. A ó yí pápá ká, a ó ti iná bọ̀ ọ́, ẹran á máa já jáde nínú èéfín, olúkúlùkù á máa ta á lọ́fà. A kì í mú ìbọn lọ, torí èèyàn wà ní ọ̀kánkán, èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín ò sì jẹ́ kí a rí ara wa. Bàbá wá sọ ọ́ di òfin pé ọrun tó bá le jù náà kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀.

Á fi àárín ọrun kọ́ ẹ̀ka mángòrò, á so òkúta mọ́ ọṣán, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí òkúta bá fa ọṣán wálẹ̀ tó gígùn ọfà, ọrun náà yege. Bí òkúta bá kàn ń fì lókè, tí ọrun ń ṣagídí, Bàbá á tú ọṣán, á jókòó sórí gbòǹgbò, á gbé ọrun lé orúnkún, á mú àfọ́kù ìgò, á bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Inú rẹ̀ nìkan ló ń fá, ibi tó ń kọjú sí ẹni tó ń ta á. Á fá apá òkè díẹ̀, á fá apá ìsàlẹ̀ díẹ̀, á tún gbé e kọ́ igi wò. Bí apá kan bá ń tẹ̀ ju èkejì lọ, á fi ìka wá ibi tó le, á fi èédú sàmì sí i, ibẹ̀ náà ni àfọ́kù ìgò á padà sí. Èérún igi á máa bọ́ sí i lórí ẹsẹ̀ bí èérún gbágùúdá.

Èmi náà dán an wò nígbà kan, mo fá ẹ̀yìn ọrun dípò inú. Bàbá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún "pàá", ó là. Igi tó là yẹn náà ló fi nà mí. Bó ṣe ń nà mí ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéwú: "Ẹ̀yìn ló ń gbé e. Má mú nǹkan kan kúrò lẹ́yìn."

Àwọn ọdẹ kórìíra òkúta yẹn. Bàbá Làmídì ló kórìíra rẹ̀ jù. Ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, Làmídì ọmọ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ mi. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí iléèwé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi mú un lọ sóko. Èmi dé ìwé mẹ́fà, kí owó tó tán. Nígbà tí Làmídì gbẹ́ ọrun tuntun, igi àyìn ló fi gbẹ́ ẹ, ó le bí irin. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, òkúta sì kọ̀ láti wálẹ̀.

Bàbá Làmídì ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá Kàrímù, ọrun nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Bàbá ti ń tú ọṣán. "Á wọ ibi iná, àbí kò ní í wọ̀ ọ́?"

"Á wọ̀ ọ́."

"Á rọ̀ nìyẹn."

"Ẹ fẹ́ tẹ ọrun ọmọ mi lọ́dàá!"

"Òbúkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ló ń sanra," Bàbá àgbà ní, ó sì gbé àfọ́kù ìgò lé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Làmídì pàápàá rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ òun nítorí ọrun rírọ̀, òun mọ ilé ẹni tí òun máa wá.

Mo bi Bàbá nígbà tí wọ́n lọ tán pé kí ló dé tó fi ń wá wàhálà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló sọ fún mi nípa Àlàbí àbúrò rẹ̀. Ó ní ọfà kan wọ ara ẹran èkùlù níbi iná, ó gba òdì kejì jáde bí ẹni pé ewé ló gbà kọjá, ó sì bá Àlàbí lọ́fun nínú èéfín. Ó ní Àlàbí fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ tú jáde, ó sì ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mi ò bi í pé ọfà ta ni. Ìyá àgbà, tó ń fẹ́ ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti ń fojú sọ fún mi pé kí n má bi í. Bàbá gbá èérún igi kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹran kì í ṣe ògiri, Àkànní. Ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ọrun kan ṣoṣo ni òkúta yẹn kì í fà wálẹ̀ tí Bàbá kì í fá. Tirẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, wọ́n ń pè é ní ọrun ẹ̀ṣọ́. Bí gbogbo ọrun bá ti rọ̀, ẹni tí ẹran líle bá kọjú sí kò ní agbára láti dá a dúró. Nítorí náà, ọrun kan gbọ́dọ̀ le. Ẹni tó bá mú un dání kì í ta ẹran jẹ. Ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ ló ń dúró, ojú rẹ̀ á wà lára wọn, kì í sí lára ẹran. Bí ìmàdò tàbí ẹfọ̀n bá yíjú sí ẹnìkan, á sún mọ́ ọn débi pé bí ọfà bá gba ara rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ló máa wọ̀. Bàbá àgbà ni ẹ̀ṣọ́ Òfìkì. N kò rántí ìgbà kan tó ti ibi iná gbé ẹran wálé.

Ojú ń tì mí. Kí n má purọ́ mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ mi á gbé ọ̀yà kọ́ èjìká, wọ́n á máa kígbe bí mo bá ń kọjá pé, "Àkànní, bàbá yín tún lọ wo ìgbẹ́ o! Ẹ ti se ẹ̀gúsí tán, ẹran ló kù!" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé lọ́jọ́ kan, mo bi í pé ṣé kì í wù ú kó pa ẹran bí àwọn ẹlòmíràn. Mo rò pé ìfọ́tí ló kàn. Ó ní, "Gbogbo wọn ló padà wálé. Kí ni mo tún fẹ́ gbé?"

Mo gbọ́ ọ. Kò yé mi.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa là. Pápá tó wà lọ́nà odò la dáná sí. Bàbá wà lẹ́yìn Làmídì àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù bó ṣe máa ń wà, èmi wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Iná ti ń jó dáadáa kí afẹ́fẹ́ tó yí padà lójijì, tí ẹ̀tapàrà iná fò kọjá sí ọ̀nà ibi tí abà iṣu wa wà. Àwọn obìnrin wà lábà yẹn, Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bàbá sáré wá bá mi nínú èéfín, ó ti ọrun ẹ̀ṣọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ọfà ńlá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní, "Dúró síbí. Má wo ẹran. Ẹ̀yìn Làmídì ni kó o máa wò." Ó fa àdá yọ, ó já ewé tútù láti fi pa iná, ó sáré lọ. Ẹnikẹ́ni kò rí i pé ó lọ. Làmídì kò yíjú wẹ̀yìn.

Mo dúró. Mo wo ẹ̀yìn Làmídì, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya léjìká, òógùn ti mú un lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni àgbọ̀nrín kan já jáde, akọ, ó tóbi, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá síta tó fi jẹ́ pé mo gbọ́ òórùn irun rẹ̀ tó ń jó. Mo rò ó pé òde ló kọjú sí, kò sí èèyàn níbẹ̀, ọfà ò lè ṣèèṣì ba ẹnikẹ́ni. Mo rò nípa ẹ̀gúsí tí kò lẹ́ran. Mo kẹ̀yìn sí Làmídì, mo sáré tẹ̀ lé àgbọ̀nrín náà, mo fi gbogbo agbára mi fa ọrun yẹn. Ọfà wọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba òdì kejì jáde, ó lọ gún òkìtì ọ̀gán tó wà níwájú. Àgbọ̀nrín náà kúnlẹ̀ bí èèyàn. Inú mi dùn. Inú mi ṣì ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe.

"Bàbá Kàrímù o! Bàbá, ẹ gbà mí! Bàbá!"

Ìmàdò ni. Ọfà Làmídì wọ̀ ọ́ léjìká, ṣùgbọ́n kò wọlé jìnnà, ó ń fì lára rẹ̀ bí ìyẹ́. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti gbé Làmídì ṣubú, ó ti fi eyín la itan rẹ̀ láti orúnkún dé abẹ́, ó sì tún ń padà sórí rẹ̀. Mo rí egungun. Ó funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Ọrun ẹ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ mi, kò sí ọfà lórí rẹ̀. Ọfà wà nínú ọ̀gán.

Bàbá àgbà ló fo mí kọjá. Eérú ti bo gbogbo orí rẹ̀. Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju àdá lọ. Ó gun ìmàdò náà lẹ́yìn bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó bẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún bẹ́ ẹ, ẹranko náà ń ké, òun náà ń ké, kò dúró títí orí fi kù sára awọ. Ẹranko náà ti kú tán kí Bàbá tó jẹ́ kí àdá rẹ̀ sinmi. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù, ó fi di itan Làmídì, ó sì gbójú sókè. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá. Ó dìde, ó rìn lọ síbi ọ̀gán, ó fa ọfà rẹ̀ yọ, ó fi ewé nù ún, ó tì í bọ inú apó rẹ̀. Àgbọ̀nrín náà, ibẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún igún.

Wọ́n gbé Làmídì lọ sí ọsibítù ní Ṣakí nínú ọkọ̀ tó kó iṣu. Kò tíì padà dé tí bàbá rẹ̀ fi wá sílé wa. Kùmọ̀ ló mú dání. Abẹ́ mángòrò ni Bàbá jókòó sí. Bàbá Làmídì kò kí i.

"O fá ọrun ọmọ mi! O ní o máa wà lẹ́yìn rẹ̀! Ó ń pè ọ́, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, ó ń pè ọ́! Níbo lo wà?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo ń retí pé kó nawọ́ sí mi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má nawọ́ sí mi. Ó ní, "Èmi ni ẹ̀ṣọ́."

Kùmọ̀ bà á. Ó gbé apá òsì sókè, mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dá, ó dún bí ọrun tí mo fá lẹ́yìn lọ́jọ́sí. Kùmọ̀ tún bà á léjìká, ó bà á lórí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé irùngbọ̀n. Ọkùnrin tó gé etí jẹ nítorí ebè, kò gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rárá. Ó fi tẹ ilẹ̀ ni. Ìyá àgbà ló já wọ àárín wọn pẹ̀lú ọmọ odó, tó ní bí Bàbá Làmídì bá tún nà án lẹ́ẹ̀kan, òun máa gún un bí iyán. Nígbà tí Bàbá Làmídì lọ tán, Ìyá àgbà ń sunkún, ó ń nu ẹ̀jẹ̀, ó ń bú u pé, "Ṣé ọwọ́ yín ti rọ ni? Ẹ̀yin?" Bàbá ní, "Gbèsè mi ló gbà."

Òun gbà pé òun jẹ gbèsè, nítorí òun ló gbé ọrun fún mi. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ó ń bò mí láṣìírí nítorí ìfẹ́. Kò fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn. Kò bá mi jẹun nínú àwo kan náà mọ́ títí ọyẹ́ fi parí.

Kí apá rẹ̀ tó jinná, igi tí wọ́n fi tò ó ṣì wà lára rẹ̀, ó ní kí n pe àwọn ọdẹ wá sábẹ́ mángòrò. Ó ní kí n gbé ọrun ẹ̀ṣọ́ wá, kí n di ìdí rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú àfọ́kù ìgò. Àwọn ọdẹ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní apá máa san, wọ́n ní ọrun bàbá rẹ̀ ni. Ó ń fá, mo dì í mú, ojú mi sí ojú rẹ̀. Igi náà ti gbó, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹran. A gbé e kọ́ igi, òkúta fà á wálẹ̀. Mo rò pé ó tán. Ó ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún fá a. A tún gbé e kọ́, òkúta kan ilẹ̀. Ó tún fá a, títí ọmọ tó ń ta òkòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi lè fà á dé etí. Àwọn ọdẹ ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé apá tó ṣẹ́ ló ń dùn ún, àbí ogbó ti dé. Mo gbọ́ wọn, ó sì rọrùn fún mi láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti tẹ orí sísàlẹ̀ sí mi, ó ti sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́: "Ẹni tó lè dúró ló ni ọrun tó le. Ẹni náà ò sí nílé yìí mọ́."

Kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ báyìí.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀ṣọ́ ní Òfìkì. Àwọn ọkùnrin kò sì gbé ọrun wá sábẹ́ mángòrò mọ́. Bàbá gbé ọdún díẹ̀ sí i, apá rẹ̀ wọ́, ó ń fi ọwọ́ kan kọ ebè. Làmídì padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Kò lè ṣoko. Ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà Ṣakí. Bàbá Làmídì kò wọlé wa mọ́, kò sì wá síbi ìsìnkú.

Làmídì ló wá. Lọ́jọ́ fìdáù, nígbà tí ọkùnrin Ìpàpó yẹn ń fi ìka méjì fa ọrun, Làmídì jókòó sórí ẹní lọ́kànkán mi, ó na ẹsẹ̀ tí kì í ká náà síwájú. Ó gbọ́ irọ́ mi. Ó gbójú sókè wo ọrun, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́.

Ó ní, "Mi ò mọ ibi tí Bàbá lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo pè wọ́n títí. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run jẹ́ ẹlẹ́rìí, mo ti dárí jì wọ́n."

Àfáà ní, "Àmín." Gbogbo ilé ní, "Àmín." Èmi náà ní, "Àmín."

Mo ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kíkọ kọ́ ni sísan. Làmídì ò mọ̀wé kà. Bí mo bá gbé iṣu lọ sọ́jà Ṣakí, iwájú rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá, á sì gbójú sókè lára táyà tó ń lẹ̀ lọ́wọ́, á ní, "Àkànní, ọmọ Bàbá! Dúró díẹ̀ ná, ká jọ sọ̀rọ̀."

Mo máa ń sọ fún un pé mo ń kánjú.